Bí oníṣòwò Abẹ́òkúta ṣe lè yára kọjá ní pápákọ̀ òfurufú àti ẹnu ibodè òkè òkun

Èló ni wọ́n ń ta ìwé tí èèyàn fi ń kọjá ní pápákọ̀ láì tò? Ìbéèrè yìí ni àwọn tó ń kó àdìrẹ láti Ìtòkú lọ sí London, àwọn tó ń ra ẹ̀rọ wá láti òkè òkun, àti àwọn tí iléeṣẹ́ ń rán lọ ìpàdé kò yéé bi wá. Ìwé bẹ́ẹ̀ wà, kò tiẹ̀ wọ́n. Àmọ́ owó nìkan kò lè rà á. Páspọ́ọ̀tù àti ẹ̀tọ́ ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ yín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, owó ló kẹ́yìn. Ẹni tó ní green card àti ẹni tó ní físà àbẹ̀wò lè jókòó ti ara wọn nínú bàálù láti Ìkẹjà dé Atlanta. Bí wọ́n bá ti balẹ̀, ọ̀nà wọn pín nìyẹn.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó ka apá àkọ́kọ́ yìí tán.

## Èwo ló kàn yín?

Ibi méjì ló máa ń dá arìnrìn-àjò dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè é ní ọ̀kan. Ibi kìíní ni àyẹ̀wò ara àti ẹrù kí ẹ tó wọ bàálù. Ibi kejì ni ẹnu ibodè, níbi tí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ti ń wo ìwé yín lẹ́yìn tí ẹ bá balẹ̀. Ètò ìjọba Amẹ́ríkà méjì ló wà fún ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò ṣáájú. TSA PreCheck (TSA ni àjọ tó ń yẹ èèyàn àti ẹrù wò ní pápákọ̀ wọn) wúlò níbi kìíní, fún bàálù tó ń gbéra láti pápákọ̀ Amẹ́ríkà. Global Entry wúlò níbi kejì, ní ìgbà tí ẹ bá ń wọ Amẹ́ríkà, ó sì kó PreCheck mọ́ra. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó kan àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún yín ní Ìkẹjà.

Ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín:

- Páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà pẹ̀lú físà Amẹ́ríkà, ìbáà ṣe ti àbẹ̀wò tàbí ti iṣẹ́. Global Entry kò sí fún yín, PreCheck kò sí, áàpù Mobile Passport Control tí àwọn kan fi ń yára kọjá ní ibodè Amẹ́ríkà náà kò sí. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ọmọ ibẹ̀ lè gba Global Entry láì jẹ́ ará Amẹ́ríkà, bíi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, India, Japan, Brazil àti Singapore. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ẹ fò lọ sí apá tó wà fún ẹni tó ní físà nìkan.
- Páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà pẹ̀lú green card. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣí sílẹ̀ fún yín.
- Páspọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà. Bákan náà. Bí ẹ bá ní ti Nàìjíríà mọ́ ọn, ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ fi wọ Amẹ́ríkà, kí ẹ sì kọ méjèèjì sínú fọ́ọ̀mù.
- Páspọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní eGates ní Heathrow, Gatwick àti àwọn pápákọ̀ ńlá yòókù jẹ́ tiyín lọ́fẹ̀ẹ́. Green card tàbí ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì lórí páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò ṣí i.
- Ìwé ìgbélùú ayérayé ti Kánádà. NEXUS ni kí ẹ wò, 120 dọ́là Amẹ́ríkà fún ọdún 5. Ó wà fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà. Kò rọ́pò físà Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní.
- Ìwé ìgbélùú Dubai. Ẹ lè gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ wọn kọjá láìsan ohunkóhun.

Káàdì APEC tí àwọn oníṣòwò Éṣíà ń lò, tí ẹ lè ti rí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín ní Ṣáínà, kì í ṣe fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní òun lè bá yín gbà á, gbájú-ẹ̀ ni.

## Global Entry láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Owó rẹ̀ jẹ́ 120 dọ́là láti oṣù kẹwàá 2024, 100 ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 5 ló ń lò. Bí wọ́n bá gbà yín, bí wọn ò gbà yín, wọn kì í dá owó náà padà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò sanwó bí òbí rẹ̀ bá ti wà nínú ètò náà tàbí tí wọ́n jọ ń forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀.

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà:

- páspọ́ọ̀tù, green card, àti ìwé ìwakọ̀ bí ẹ bá ní
- gbogbo àdírẹ́sì tí ẹ ti gbé láti ọdún 5 sẹ́yìn, pẹ̀lú oṣù tí ẹ débẹ̀ àti oṣù tí ẹ kúrò
- iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láàárín ọdún 5 náà
- gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ ti dé láàárín ọdún 5 náà
- káàdì báńkì tó lè san dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ẹ ṣí àkáǹtì. Ibì kan ṣoṣo ni: ttp.dhs.gov. Ó máa darí yín sí login.gov kí ẹ fi ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù yín forúkọ sílẹ̀. Ẹ lo fóònù tí kò ní kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí ibẹ̀ ni kóòdù máa ń bọ́ sí nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé. Ẹni tó fi nọ́ńbà àgẹ́ǹtì ṣe é ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

2. Ẹ kún fọ́ọ̀mù. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ètò náà kò fẹ́ àlàfo: bí ẹ bá kúrò ní Houston ní oṣù kẹta tí ẹ sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún, oṣù kẹrin gbọ́dọ̀ ní ilé tí ẹ gbé. Ẹni tó ń ṣe òwò ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ pé òun kò níṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ òwò yín, kí ẹ sì sọ pé ara yín ni ẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Lórí ìrìn àjò, ohun tí àwọn ará Ògùn máa ń gbàgbé jù ni Kútọnu àti Accra. Nítorí pé mọ́tò ni wọ́n wọ̀ láti Ìdìrókò tàbí Sẹ̀mẹ̀, wọn kì í kà á kún ìrìn àjò. Ìrìn àjò ni. Ẹ kọ ọ́.

3. Ẹ dáhùn ìbéèrè òfin láì fi nǹkan pamọ́. Wọ́n máa béèrè bóyá wọ́n ti mú yín rí, bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù ti gba nǹkan lọ́wọ́ yín rí, bóyá wọ́n ti dá yín padà ní ibodè rí. Ẹran gbígbẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín ní JFK lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ṣì wà nínú ìwé wọn. Bí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n lè gbójú fò ó. Bí ẹ bá kọ "rárá", irọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa fi lé yín.

4. Ẹ sanwó, kí ẹ sì dúró. Àwọn kan ń rí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn mìíràn ń dúró ju ọdún kan lọ. Kò sí ẹni tí ẹ lè san nǹkan fún kó bá yín tì í. Inú àkáǹtì yín ni èsì ti máa hàn: "Conditionally Approved" ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá.

5. Ẹ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ lè mú ọjọ́ ní ọ́fíìsì wọn ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Abẹ́òkúta, èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n ṣe é fún un ní ọjọ́ tó bá balẹ̀ láti ìrìn àjò, èyí tí wọ́n ń pè ní Enrollment on Arrival. Kò gba kí ẹ mú ọjọ́. Ẹ tẹ̀ lé àkọlé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìmígíréṣọ̀n, tàbí kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí. Ẹ kọ́kọ́ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá pápákọ̀ tí ẹ ń lọ ń ṣe é, kí ẹ sì wo aago tí wọ́n ń parí iṣẹ́. Ẹ má gba bàálù tí ẹ máa tún wọ̀ ní wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Wọ́n máa ya àwòrán yín, ẹ óò tẹ ìka, wọ́n á béèrè iṣẹ́ yín àti ìdí tí ẹ fi ń rìnrìn àjò. Páspọ́ọ̀tù, green card àti ìwé tó fi ibi tí ẹ ń gbé hàn ni kí ẹ mú dání.

6. Ẹ gba nọ́ńbà yín. Nọ́ńbà PASSID tó wà lẹ́yìn káàdì àti nínú àkáǹtì yín ni ẹ ń kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti kọ "Known Traveler Number". Bí káàdì bá dé, ẹ wọ inú àkáǹtì láàárín ọjọ́ 30 kí ẹ mú kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní pápákọ̀, ojú yín ni ẹ̀rọ ń wò, kò wo káàdì. Green card yín ni kí ẹ má gbàgbé sílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tó ní green card àmọ́ tó jẹ́ pé Abẹ́òkúta ló ń jí jù. Global Entry kò ní kí wọ́n má bi yín ní ìbéèrè. Bí ẹ bá ti pẹ́ lẹ́yìn odi ju oṣù mẹ́fà lọ, òṣìṣẹ́ lè fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá pé ọdún kan tí ẹ kò sì ní ìwé àṣẹ ìpadàbọ̀ tí wọ́n ń fi fọ́ọ̀mù I-131 gbà, green card fúnra rẹ̀ ló wà nínú ewu, kì í ṣe ìlà. Ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó san 120 dọ́là.

## Orúkọ: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Èèyàn lè gba nọ́ńbà, kó sanwó, kó sì ṣì máa tò, nítorí orúkọ kò bára mu. Ẹ̀rọ ń fi orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà yín wé ara wọn. Bí ọ̀kan bá yà, àmì "TSA PRE" kò ní jáde lórí ìwé ìwọkọ̀ yín, òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́nu ìlà kò sì lè ràn yín lọ́wọ́.

Orúkọ wa ló gùn, ìgékúrú rẹ̀ ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ Olúwafúnmiláyọ̀ nínú NIN, tó jẹ́ Fúnmiláyọ̀ nínú páspọ́ọ̀tù, tó wá jẹ́ Fúnmi lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ènìyàn mẹ́ta ni lójú ẹ̀rọ. Ẹ tẹ̀ lé nǹkan wọ̀nyí:

1. Páspọ́ọ̀tù ni ọ̀gá. Bí ó ṣe wà níbẹ̀, lẹ́tà dé lẹ́tà, láìsí àmì ohùn, ni kí ẹ kọ ọ́ síbi gbogbo.
2. Orúkọ ìdílé lọ́tọ̀, orúkọ àbísọ àti ti àárín lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ìgboro máa ń yí i po nígbà mìíràn, ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kúrò níwájú wọn.
3. Bí ẹ bá rí i tí iléeṣẹ́ bàálù so orúkọ méjì pọ̀ tí wọ́n sì lẹ MR tàbí MRS mọ́ ọn nídìí, ẹ má jáyà. Bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Orúkọ tó sọnù ló burú, kì í ṣe orúkọ tó so pọ̀.
4. Ìyàwó tó ti yí orúkọ padà: bí green card bá ń jẹ́ orúkọ bàbá tí páspọ́ọ̀tù ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ kọ èyí tó kù sí àyè "other names", kí ẹ sì mú ìwé ìgbéyàwó lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.
5. Ọjọ́ ìbí. Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 4 oṣù keje, tó bá kọ 04/07, oṣù kẹrin ni wọ́n kà á sí.

Bí ẹ bá gba páspọ́ọ̀tù tuntun, nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà. Ẹ wọ inú àkáǹtì lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́.

## PreCheck nìkan, àti áàpù ọ̀fẹ́

PreCheck nìkan kò tó 100 dọ́là fún ọdún 5, ó wà fún ọmọ Amẹ́ríkà àti oní green card. Bí ẹ bá ń ti Nàìjíríà wọlé lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún, 120 dọ́là Global Entry ló dára jù, nítorí owó díẹ̀ ló fi ju èyí lọ, ohun méjì ló sì ń fún yín. Pẹ̀lú PreCheck, ìgbànú, kóòtù fẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà àti ohun olómi kì í kúrò níbi tí wọ́n wà. Bàtà kò jẹ́ ohun ìyangàn mọ́: láti oṣù keje 2025 ni TSA ti jáwọ́ nínú bíbọ́ bàtà fún gbogbo èèyàn. Bí ẹ bá rí SSSS lórí ìwé ìwọkọ̀ yín, àyẹ̀wò kíkún ni lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà tàbí kò sí nọ́ńbà.

Mobile Passport Control jẹ́ áàpù tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe, ọ̀fẹ́ ni, oní green card sì lè lò ó. Ẹ kó ìwé yín sí i kí ẹ tó gbéra, ẹ ya ara yín ní fọ́tò bí bàálù bá ti balẹ̀, kí ẹ sì wá ìlà rẹ̀. Ní pápákọ̀ mìíràn, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

## Ẹni tó ní físà nìkan

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń béèrè ìbéèrè yìí, ibí ni wọ́n wà. Ẹ ò ní rí káàdì rà, àmọ́ ẹ lè gé wákàtí kúrò nínú ìrìn àjò yín.

Kánádà. Ẹ lo Advance Declaration nínú áàpù ArriveCAN. Láti wákàtí 72 ṣáájú kí ẹ tó balẹ̀ ni ẹ lè dáhùn ìbéèrè kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n wọn. Toronto Pearson, Vancouver àti Montréal wà lára àwọn pápákọ̀ tó ń gbà á. Ọ̀fẹ́ ni, páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà kò sì dí i.

Ilẹ̀ Yúróòpù. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú Schengen ti bẹ̀rẹ̀ ètò EES, wọ́n sì fi ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2026 ṣe gbèdéke pé kó kárí gbogbo ibodè wọn. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde dípò òǹtẹ̀. Ìka tí ẹ tẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba físà ti wà lọ́wọ́ wọn, fọ́tò ojú yín ni wọ́n máa yà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 3. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ló ń pẹ́. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ní kí ẹ balẹ̀ ní Frankfurt ní aago mẹ́fà kí ẹ wọ òmíràn ní aago méje. Ẹ fi ó kéré tán wákàtí mẹ́ta sí àárín. Ẹ sì ka ọjọ́ yín dáadáa: ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni òfin, ẹ̀rọ kì í sì í ṣìrò.

Ẹni tó kàn fẹ́ yí bàálù padà ní pápákọ̀ Schengen láì jáde síta náà nílò físà ìkọjá, nítorí ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí òfin náà mú. Bí ẹ bá ní físà tàbí ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ bọ́ nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ni páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà ń lọ, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tó ń dá èèyàn dúró nísinsìnyí ni eVisa. Káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń pè ní BRP ti kú láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2024. Bí ìwé ìgbélùú yín bá ti di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, páspọ́ọ̀tù tí ẹ mú dání gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà nínú àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI, iléeṣẹ́ físà Gẹ̀ẹ́sì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ìkẹjà ni ọ̀rọ̀ ti máa bẹ́, níwájú òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù, ẹ ò ní dé Heathrow tí wọ́n á fi dá yín dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni kí ẹ wò ó.

Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje 2025, wọ́n sọ físà àbẹ̀wò tuntun fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà di ti oṣù mẹ́ta, tí wọ́n ń fi wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026, wọ́n tún dá fífún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò tuntun dúró, òfin wọn sì ń yí padà léraléra. Ẹ ka ohun tí ẹ́ńbásì wọn kọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀nà yín bá gba Abu Dhabi tàbí Dublin, níbẹ̀ ni ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà ti máa yẹ̀ yín wò kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ óò wá balẹ̀ bí ẹni tó ti inú Amẹ́ríkà bọ̀.

Ọ̀nà kíákíá tí tíkẹ́ẹ̀tì business ń ṣí ní pápákọ̀ mìíràn dára, àmọ́ ibi àyẹ̀wò ẹrù ló sábà máa ń mọ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ san owó ìlọ́po mẹ́ta.

## Láti Abẹ́òkúta dé ẹnu bàálù

Páspọ́ọ̀tù ni kí a ti mú un. Ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n Òkè-Mọ́sàn ni ẹ ti lè ṣe é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń béèrè fún un, ẹ ń sanwó níbẹ̀, ẹ sì ń mú ọjọ́ tí ẹ óò lọ tẹ ìka. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, olójú-ewé 32 ti ọdún 5 jẹ́ ₦100,000, olójú-ewé 64 ti ọdún 10 jẹ́ ₦200,000. Ẹni tó ń rìn léraléra kò gbọdọ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: 64 ni. Ẹ tún un ṣe nígbà tó bá ku oṣù 9, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gba páspọ́ọ̀tù tí kò tó oṣù 6 mọ́. NIN tí orúkọ rẹ̀ kò bá ti páspọ́ọ̀tù mu ló ń dá ọ̀pọ̀ padà sílé láti Òkè-Mọ́sàn, ẹ tún ìyẹn ṣe ṣáájú.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ ti wà ní Ìkẹjà láti 2024, fún ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó ń padà bọ̀. Ẹ yọ páspọ́ọ̀tù kúrò nínú àpò awọ rẹ̀, ẹ ṣí fìlà, ẹ bọ́ jígí ojú. Gèlè tó bo iwájú orí lè mú kí ẹ̀rọ má mọ̀ yín. Páspọ́ọ̀tù tí omi ti wọ̀ tàbí tó ti ká, èyí tí ẹ fi sápò ẹ̀yìn ṣòkòtò tí ẹ sì jókòó lé, ẹ̀rọ kì í rí i kà.

Ọ̀nà Ìkẹjà mẹ́ta ló wà:

- Sàngó-Ọ̀tà. Ó kúrú lójú, ṣùgbọ́n sún kẹrẹ fà kẹrẹ Sàngó àti Ìyànà Ìpájà kò mọ ẹni tó ní bàálù. Ẹ má gbà á lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán.
- Kóbapẹ́, Ṣíún, Ṣàgámù, kí ẹ bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ó gùn díẹ̀, ó sì ṣeé fọkàn tán jù, àyàfi ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ìjọ Redeemed ń ṣe ìsìn ní Redemption City. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbéra láàárọ̀.
- Ọkọ̀ ojú irin. Láti ibùdókọ̀ Láderin, ẹ sọ̀ ní Agége, kí ẹ wọ takisí lọ sí Ìkẹjà. Kò sí sún kẹrẹ níbẹ̀, àmọ́ aago tó ń gbéra kò pọ̀. Ẹ wò ó bóyá ó bá bàálù yín mu.

Ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù ibi tí wọ́n ti ń gbéra lọ́jọ́ náà.

## Ẹrù tó ń dá ìlà dúró

Káàdì kò lè gba ẹni tó di ẹrù rẹ̀ ní ìdíkúdìí sílẹ̀.

- Òrí, oyin, ògì, ata díndín àti ọbẹ̀ jẹ́ olómi lójú wọn. Ohun tó bá ju mílílítà 100 lọ, inú àpótí ńlá.
- Èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀gúsí lílọ̀: Amẹ́ríkà kò fẹ́ ìyẹ̀fun tó ju mílílítà 350 lọ nínú báàgì ọwọ́. Inú àpótí ńlá náà ni.
- Sùúyà, kílíṣí, pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ: ẹ fi sílẹ̀. Amẹ́ríkà kò gbà á, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Yúróòpù náà kò gbà á. Ọmọ ẹgbẹ́ Global Entry tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ lè pàdánù ètò náà lójú ẹsẹ̀. Oúnjẹ yòókù, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó béèrè.
- Power bank: báàgì ọwọ́ nìkan. Ẹ fi 3.7 sọ iye mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in, ẹ óò rí Wh, òṣùwọ̀n tí iléeṣẹ́ bàálù ń lò. Ti 20,000 jẹ́ 74 Wh, kò sí wàhálà. Ti 30,000 jẹ́ 111, ó ti ju 100 lọ, iléeṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí tó bá kọjá 160, kò wọlé.
- Oògùn: tramadol àti ohun tó ní codeine láìsí ìwé dókítà, ọ̀rọ̀ NDLEA ni. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni gbé páálí, kódà kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín.
- Àdìrẹ títà: bí ó bá ti ju aṣọ ara lọ, ọjà ni. Ẹ mú ìwé iye owó rẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.
- Owó: ohun tó bá ju 10,000 dọ́là lọ, ẹ sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà bí ẹ ti ń jáde àti ti Amẹ́ríkà bí ẹ ti ń wọlé. Sísọ ọ́ kò ní owó orí. Àìsọ ló ń gbà á lọ́wọ́ èèyàn.

## Àwọn tó ń ta ohun tí kò sí

Ẹ kíyè sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹni tó ní òun lè bá oní físà àbẹ̀wò (B1/B2) gba Global Entry. A ti sọ ọ́ lókè, kò ṣeé ṣe. Ìkejì, ojú-òpó tó jọ ti ìjọba tó ń gba iye tó ju 120 dọ́là lọ. Bí àdírẹ́sì rẹ̀ kò bá parí sí ".gov", ẹ pa á dé. Ìkẹta, "protocol" ní Ìkẹjà. Iléeṣẹ́ wà tó ń pàdé èèyàn, tó ń bá a gbé ẹrù, tó sì ń mú un lọ síwájú ìlà, wọ́n sì ń fún èèyàn ní rìsíìtì. Èyí tó bá ní òun lè mú kí NDLEA tàbí kọ́sítọ́ọ̀mù má ṣí àpótí yín, rìbá ló ń wá, ẹ̀yin sì ni wọ́n máa mú.

## Bí wọ́n bá kọ̀, àti bí ọdún 5 bá ń pé

Bí wọ́n bá kọ̀, ìdí rẹ̀ wà nínú lẹ́tà tó wà nínú àkáǹtì yín. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n nínú àkáǹtì kan náà kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ẹ fi ìwé kóòtù tàbí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó yanjú ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn. Àlàyé lásán láìsí ìwé kì í yí ìpinnu wọn padà.

Láti ọdún kan kí Global Entry tó parí ni ẹ ti lè tún un ṣe, 120 dọ́là náà ni. Ẹ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí ọjọ́ tó kọjá. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí èsì sì pẹ́, ẹ ṣì lè máa lo ti àtijọ́ fún oṣù 24 lẹ́yìn tó bá parí. Bí ọjọ́ bá kọjá lọ́jọ́ kan péré kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ ò ní lè lo àǹfààní náà mọ́ títí wọ́n á fi gbà yín padà, wọ́n sì lè ní kí ẹ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn.